Bí a ṣe lè ka ìwé mọ́nádì ti Leibniz láìṣìnà: láti orí ohun tí kò ní apá dé orí dígí àgbáyé

Ẹni tó bá ti ṣe philo, ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ọgbọ́n orí, ní kíláàsì terminale, ọdún ìkẹyìn níléèwé girama, ì báà jẹ́ ní Àjàṣẹ́, ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́, ó ṣeé ṣe kó ti gbọ́ orúkọ onímọ̀ ọgbọ́n orí náà, Gottfried Wilhelm Leibniz. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń rántí kò ju gbólóhùn méjì lọ: mọ́nádì, ìyẹn ẹyọ tí kò ní apá, kò ní fèrèsé, mọ́nádì kọ̀ọ̀kan jẹ́ dígí tó ń fi gbogbo àgbáyé hàn. Àwọn méjèèjì sì dà bí ẹni ń ta ko ara wọn. Ohun tí kò ní fèrèsé, báwo ni ìta ṣe máa hàn nínú rẹ̀? Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pa ìwé dé. Ẹni tó bá fẹ́ rìn ín dé òpin la kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún: ohun tí ẹ óò kà, bí ẹ óò ṣe tò ó, ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀ àti ìdí tó fi ń yọ̀.

Àwa tí a wà ní Benin ní àǹfààní kan. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Jámánì ni Leibniz, Faransé ló fi kọ ìwé tí à ń sọ yìí, Monadologie, èdè tí wọ́n fi kọ́ wa níléèwé. Kò sí pé à ń dúró de ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀. Ọdún 1714 ló kọ ọ́, ní Vienna, ọdún méjì kó tó kú. Ìpínrọ̀ 90 péré ni, púpọ̀ nínú wọn kò sì ju gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta lọ. Òun fúnra rẹ̀ kò sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀ ló fún un lórúkọ tí a fi ń pè é lónìí. Èdè Jámánì ló kọ́kọ́ jáde ní 1720. Faransé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ kò jáde àfi ní 1840. Ẹ wá ẹ̀dà tí nọ́ńbà ìpínrọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí nọ́ńbà yẹn la ó máa tọ̀. Ẹ ṣe fótòkópì rẹ̀ kí ẹ lè fi bíìkì kọ nǹkan sí i lára. Kí ẹ wá mú kàyé kan, kí ẹ pín ojú ewé sí méjì: òsì fún ohun tó sọ, ọ̀tún fún ìdí tó fi sọ ọ́. Bí ọ̀tún bá ṣófo níwájú gbólóhùn kan, ẹ kò tíì ka ìpínrọ̀ yẹn.

Ẹ má kà á láti 1 dé 90 lẹ́ẹ̀kan. Ìjókòó kìíní, ìpínrọ̀ 1 sí 17, pẹ̀lú 20 sí 24. Ìjókòó kejì, 31 sí 38. Ìjókòó kẹta, 56 sí 62: ọkàn ìwé nìyẹn, ẹ fún un ní àyè tó pọ̀ jù. Ìjókòó kẹrin, 49 sí 52, kí ẹ wá fò bọ́ sí 78 sí 81. Ìyókù lẹ́yìn. Ìdí tí a fi tò ó báyìí ni pé ọ̀rọ̀ nípa Ọlọ́run tó wà láàárín, láti 39 dé 48, máa ń gbé olùkàwé lọ sínú iyàn mìíràn kó tó mọ ohun tí dígí ń jẹ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: láti orí àkójọ dé orí ẹyọ (1 sí 3)

Ìrònú rẹ̀ kúrú. Àwọn ohun tí a kó jọ wà. Àkójọ kì í ṣe nǹkan kan yàtọ̀ sí àwọn ẹyọ tó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà ẹyọ gbọ́dọ̀ wà. Bí a bá ní gbogbo nǹkan ló ní apá, tí apá náà tún ní apá, tí kò sì dúró níbì kan, a jẹ́ pé gbogbo wọn ń yá wíwà lọ́wọ́ ohun tí òun náà ń yá a. Ẹyọ tí kò ní apá yìí ni Leibniz ń pè ní mọ́nádì.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn máa fojú inú wo eruku kan tó kéré ju eruku lọ. Ẹ bi ohun tó wà lọ́kàn yín ní ìbéèrè kan: ṣé ó ní òsì àti ọ̀tún? Bó bá ní, ó ní apá, kì í ṣe mọ́nádì. Ìdí nìyẹn tí átọ̀mù inú físíìkì kì í fi í ṣe é. Ohun tó ní àárín, tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sì wà yí i ká, àkójọ ni. Mọ́nádì kò tóbi, kò kéré, kò ní ìrísí, kò ṣe é gé.

Ẹsẹ̀ tún ń yọ̀ síwájú díẹ̀. Ẹ̀gbẹ̀rún ohun tí kò ní ìwọ̀n kò lè di ohun tó ní ìwọ̀n, torí náà òkúta kì í ṣe òkìtì mọ́nádì. Leibniz fi ara àwọn nǹkan wé òṣùmàrè: ó hàn lóòótọ́, ó ní òfin tó ń tẹ̀ lé, kì í ṣe àlá, ṣùgbọ́n ohun tó mú un hàn ló wà ní tòótọ́. Orí mọ́nádì ni ara dúró lé. Mọ́nádì kì í ṣe apá ara. Ẹ kọ gbólóhùn yìí sí òkè ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ óò padà wá bá a.

Ìgbésẹ̀ kejì: kò sí fèrèsé (4 sí 7)

Ohun tó ní apá ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí apá rẹ̀ bá kó jọ, ó sì ń parí nígbà tí wọ́n bá tú ká. Mọ́nádì kò ní èyí tí yóò tú. Kò lè bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò lè kú díẹ̀díẹ̀. Àfi kí Ọlọ́run dá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tàbí kó pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìrònú kan náà ló fi dé ọ̀rọ̀ fèrèsé. Nígbà tí nǹkan kan bá yí òmíràn padà láti ìta, ó ń sún apá rẹ̀, ó ń fi kún un, tàbí ó ń yọ kúrò lára rẹ̀. Níbi tí kò sí apá, kò sí ohun tí a ó sún. Àwọn olùkọ́ ayé àtijọ́ ní Yúróòpù máa ń sọ pé àwòrán ohun tí à ń rí máa ń já kúrò lára nǹkan, á sì wọ inú ọkàn lọ. Leibniz kò gbà: pupa kò lè bọ́ lára aṣọ kó máa dá rìn kiri kó tó balẹ̀ síbòmíràn. Nítorí náà, nígbà tó ní mọ́nádì kò ní fèrèsé, ẹ má ṣe rò pé ilé kan wà tí wọ́n ti gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò sí ògiri tí a ó dá fèrèsé sí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ohun tó wà nínú rẹ̀ (8 sí 17)

Bí mọ́nádì bá ṣófo pátápátá, ọ̀kan kò ní yàtọ̀ sí òmíràn, ayé kò sì ní lè yí padà rárá. Ó gbọ́dọ̀ ní àbùdá, méjì kò sì gbọdọ̀ bára mu délẹ̀délẹ̀. Nínú lẹ́tà rẹ̀ kan sí Samuel Clarke, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, Leibniz sọ nípa ọkùnrin ọlọ́lá kan tó gbà pé òun á rí ewé méjì tó jọra láìkù síbì kan nínú ọgbà Herrenhausen, níwájú olorì Sophie ti Hanover. Ó wá a káàkiri ọgbà, kò rí i.

Méjì ni ohun tó wà nínú mọ́nádì. Èkíní ni ìwòye: kí ọ̀pọ̀ nǹkan hàn nínú ẹyọ kan. Èkejì ni ìfà, agbára inú tó ń mú un kúrò lórí ìwòye kan bọ́ sórí òmíràn. Kò sí ìkẹta.

Ibi tí ẹ óò ti ṣọ́ra nìyí: ìwòye yàtọ̀ sí kéèyàn mọ̀ pé òun ń wòye. Ẹni tó dákú, ẹni tó sùn fọnfọn láìlálàá, ẹni tí òòyì kọ́ nítorí pé ó ń yí po lójú kan, ìwòye kò dáwọ́ dúró nínú wọn. Ìdí rẹ̀ wà ní ìpínrọ̀ 23: ìwòye tí wọ́n jí bá gbọ́dọ̀ ti inú ìwòye mìíràn wá, bí ìrìn kan ṣe ń ti inú ìrìn mìíràn wá. Ariwo òkun ni Leibniz fi ṣàlàyé rẹ̀ níbòmíràn. Ẹni tó bá dúró sétí òkun ní Sèmè á gbọ́ ìró kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ìró ìgbì kọ̀ọ̀kan ló para pọ̀ di í. Bí a kò bá gbọ́ ti ìgbì kan rárá, a kò lè gbọ́ ti ọ̀kẹ́ márùn-ún: òfo lọ́nà ọ̀kẹ́ márùn-ún, òfo náà ni. Ẹ di ìwòye kéékèèké yìí mú ṣinṣin, torí láìsí i, dígí kò ṣeé ṣe.

Ìpínrọ̀ 17 ni ti ẹ̀rọ. Ká ní a kọ́ ẹ̀rọ kan tó ń ronú, a wá sọ ọ́ di ńlá títí a fi lè wọ inú rẹ̀ bí a ṣe ń wọ ilé ẹ̀rọ ìlọ̀kà: irin tó ń ti irin la máa bá níbẹ̀, a kò ní rí ìwòye níbì kankan. Leibniz kò sọ pé ẹ̀rọ kò lè hùwà bí ọlọ́gbọ́n. Ohun tó sọ ni pé ìwòye jẹ́ ti ẹyọ, ẹ̀rọ sì jẹ́ àkójọ. Ní báyìí tí kọ̀ǹpútà ń dáhùn ìbéèrè, ìpínrọ̀ yìí wà lẹ́nu gbogbo èèyàn, ọ̀pọ̀ sì ń fi jà níbi tí kì í ṣe ojú ìjà rẹ̀.

Nílẹ̀ wa, ó máa ń yá èèyàn lára láti sọ pé orí ni mọ́nádì. Ó jọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́: a kúnlẹ̀ a yàn, ohun tí yóò bá ni ti wà nínú ohun tí a gbé wáyé. Ṣùgbọ́n orí ṣe é bọ, ó ṣe é bẹ̀, ẹbọ sì lè tún ọ̀nà ẹni ṣe. Ohun tó ń ti ìta wọlé láti yí nǹkan padà nìyẹn, òun gan-an sì ni Leibniz kọ̀. Paulin Hountondji, onímọ̀ ọgbọ́n orí ilẹ̀ Benin tó darí ibùdó ìwádìí gíga kan ní Àjàṣẹ́, fi ọ̀pọ̀ ọdún kìlọ̀ pé èrò tí a ní gbogbo ìlú jọ gbà kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ìrònú tí ẹnì kan kọ sílẹ̀, tó sì ń gbèjà rẹ̀. Ẹ gba ìkìlọ̀ yẹn níbí. Ẹ jẹ́ kí orí jẹ́ orí, kí mọ́nádì jẹ́ mọ́nádì, ìgbà náà la lè fi wọ́n wéra bó ṣe yẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìlànà méjì (31 sí 38)

Èkíní: ohun tó bá ta ko ara rẹ̀, irọ́ ni. Èkejì ni ìlànà ìdí tó tó, àwọn àgbà sì ti sọ ọ́: bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Kò sí ohun tó rí báyìí tí kò ní ìdí tí kò fi rí bí òmíràn, kódà bí àwa kò bá lè mọ ìdí náà.

Láti ibẹ̀, òtítọ́ pín sí méjì. Pé 3 àti 4 jẹ́ 7, òdìkejì rẹ̀ kò ṣeé ṣe. Pé òjò rọ̀ ní Kétu lánàá, òdìkejì rẹ̀ ṣeé ṣe, síbẹ̀ ó nídìí. Ìdí náà nídìí, kò sì lópin. Ìdí ìkẹyìn gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn òde gbogbo ọ̀wọ́ náà, ìyẹn Ọlọ́run. Bí ẹ kò bá gbà á, ẹ kọ ọ́ sí apá ọ̀tún kàyé, kí ẹ máa bá kíkà lọ. Iyàn yẹn lè dúró.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: dígí (56 sí 62)

Ohun mẹ́ta ló para pọ̀ di dígí yìí. Bí ọ̀kan bá kù, kò ní ṣiṣẹ́.

Àkọ́kọ́, ohun gbogbo so mọ́ ara wọn. Fún Leibniz, àyè òfìfo kò sí. Nítorí náà gbogbo ìrìn ń kan ohun tó wà nítòsí, èyí náà ń kan ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, títí dé ibi tó jìnnà jù, bó ti wù kó kéré tó. Ó fa ọ̀rọ̀ Hippocrates, oníṣègùn ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, yọ pé ohun gbogbo jọ ń mí pọ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá tó bẹ́ẹ̀ lè ka ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi gbogbo lára ohun kan ṣoṣo, títí kan èyí tó ti kọjá àti èyí tó ń bọ̀.

Ìkejì, fèrèsé kò sí. Nítorí náà, ohun tó bá hàn nínú mọ́nádì, inú rẹ̀ ló ti ń jáde, gẹ́gẹ́ bí òfin tirẹ̀.

Ìkẹta ni èyí tí a máa ń fò dá: kí ni "fi hàn" jẹ́? Leibniz ṣàlàyé rẹ̀ fún Antoine Arnauld, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ Faransé, ní 1687. Ohun kan ń fi òmíràn hàn nígbà tí ìbátan tó dúró ṣinṣin, tó ní òfin, bá wà láàárín ohun tí a lè sọ nípa èkíní àti ohun tí a lè sọ nípa èkejì. Kò sọ pé kí wọ́n jọra. Ẹ kọ x² + y² = 25 sínú kàyé. Ẹ fi 3 sí ipò x, 4 sí ipò y: 9 àti 16 jẹ́ 25, ó ṣe déédéé. Ẹ fi 5 àti 0, ó tún ṣe déédéé. Ẹ fi 4 àti 4: 32, kò ṣe déédéé. Gbogbo ojú àmì tó bá ṣe déédéé wà lórí òbìrí kan tó jẹ́ 5 láti àárín dé etí. Èyí tí kò bá ṣe déédéé kò sí lórí rẹ̀. Ẹ wá wo ohun tí ẹ kọ. Kò rí roboto rárá, òbìrí kankan kò sì fọwọ́ kàn án. Síbẹ̀ kò sí ohun kan nípa òbìrí náà tí a kò lè fi ìṣirò mú jáde láti inú rẹ̀. Irú dígí tí Leibniz ń sọ nìyẹn. Ẹni tó bá ń ro dígí ara ògiri, tí ìmọ́lẹ̀ ń ti ìta bá, yóò máa rí ìtakora níbi tí kò sí.

Ìpínrọ̀ 57 mú ìlú kan tí a wò láti ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tó sì dà bí ìlú púpọ̀. Ṣábẹ̀ẹ́ dára fún èyí nítorí àwọn òkè àpáta rẹ̀, pàápàá méjì tí àwọn Faransé ń pè ní Mamelles. Ẹ mú ìwé mẹ́ta. Ẹ ya òkè méjèèjì bí ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Tchaourou ní àríwá ṣe ń rí wọn, bí ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Glazoué ní ìwọ̀ oòrùn ṣe ń rí wọn, àti bí ẹni tó dúró nídìí àpáta nínú ìlú ṣe ń rí wọn. Lójú ọ̀nà kan wọ́n á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lójú ọ̀nà mìíràn èyí á bọ́ sẹ́yìn ìyẹn. Lójú ẹni tó wà nídìí wọn, ọ̀kan ṣoṣo lè gba gbogbo ojú ọ̀run. Ẹ wá bi ara yín: bí a bá gbé àpáta kan kúrò, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Gbogbo wọn ló máa yí padà, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́nà tirẹ̀, láìjẹ́ pé ìwé kan fọwọ́ kan òmíràn. Àwọn mọ́nádì bára mu bẹ́ẹ̀ láìbára sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kọ́ inú àpẹẹrẹ yìí pọ̀, ṣùgbọ́n ó níbi tó ti já, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ ibẹ̀. Òkè Ṣábẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀ yálà ẹnì kan ń wò ó tàbí kò wò ó. Nínú ayé Leibniz, kò sí òkè kankan tó dá wà lẹ́yìn àwọn olùwò. Àwọn mọ́nádì nìkan ló wà pẹ̀lú Ọlọ́run tó dá wọn, ara tí à ń rí sì dúró lórí wọn, gẹ́gẹ́ bí gbólóhùn tí ẹ kọ sókè ojú ewé àkọ́kọ́ ṣe wí. Ohun tí dígí ń fi hàn ni àwọn dígí yòókù. Èyí bí àtakò tó lágbára jù sí gbogbo ètò náà: bí dígí bá ń fi dígí hàn, tí ìyẹn náà ń fi dígí hàn, kí ni ohun tó hàn níkẹyìn? Lójú tiwa, ìdáhùn tó dára jù nínú ìwé náà wà ní ibi méjì. Ìfà jẹ́ ti mọ́nádì kọ̀ọ̀kan gan-an, kì í ṣe àfihàn ẹlòmíràn. Ètò gbogbo ayé sì wà lọ́kàn Ọlọ́run kó tó dá ọ̀kankan nínú wọn. Bóyá ìyẹn tó tàbí kò tó, ẹ gbà á rò. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àtakò náà kò sí.

Ohun méjì ló kù níbí. Bí mọ́nádì kọ̀ọ̀kan bá ń fi gbogbo nǹkan hàn, ṣé a mọ gbogbo nǹkan ni? Rárá. Ìpínrọ̀ 60 ní gbogbo wọn ń lọ dé àìlópin, ṣùgbọ́n nínú rúdurùdu. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń hàn kedere, ìyẹn ohun tó sún mọ́ tàbí tó tóbi lójú ẹni tó ń wò. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, mọ́nádì kọ̀ọ̀kan ì bá jẹ́ Ọlọ́run. Ìpínrọ̀ 62 sì sọ ohun tó ń pinnu ipò ẹni: ọkàn ń fi ara tirẹ̀ hàn kedere ju ohun mìíràn lọ, láti ara yẹn ló sì ti ń fi ìyókù hàn. Ìwòye kéékèèké ìgbésẹ̀ kẹta ló ru gbogbo èyí tí kò hàn kedere. Ẹni tó bá fò ó kò ní lè dáhùn ìbéèrè yìí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí nǹkan ṣe ń "ṣe" nǹkan (49 sí 52, 78 sí 81)

Bí mọ́nádì kankan kò bá lè ti òmíràn, kí ló dé tí mo bá fẹ́ gbé ọwọ́, tí ọwọ́ á sì gbéra? Ìdáhùn Leibniz ni pé Ọlọ́run ti tò wọ́n kí wọ́n bára mu láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ọkàn ń tẹ̀ lé òfin tirẹ̀, ara ń tẹ̀ lé tirẹ̀, wọ́n sì ń bára pàdé. A ń sọ pé mọ́nádì kan "ṣe" nǹkan sí òmíràn nígbà tí ìdí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú èkejì bá ṣe é kà kedere nínú èkíní.

Ìpínrọ̀ 80 dárúkọ Descartes, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ Faransé tó ṣáájú Leibniz, ó sì rọrùn láti fò ó torí físíìkì ni. Ẹ má fò ó. Ẹ ju òkúta kílò 4 sílẹ̀ láti mítà 1, àti kílò 1 láti mítà 4. Iṣẹ́ tí a fi gbé àwọn méjèèjì dókè dọ́gba. Èkejì máa balẹ̀ pẹ̀lú ìyára ìlọ́po méjì ti èkíní. Bí ìyára èkíní bá jẹ́ 1, ìwúwo lọ́nà ìyára, bí Descartes ṣe ń ṣírò rẹ̀, jẹ́ 4 fún èkíní àti 2 fún èkejì, kò dọ́gba. Ìwúwo lọ́nà ìyára lọ́nà ìyára, bí Leibniz ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1686, jẹ́ 4 àti 4. Descartes gbà pé ọkàn kò lè fi agbára kún ara, ṣùgbọ́n ó rò pé ó lè yí ìhà tí ara ń kọrí sí. Leibniz dáhùn pé ìhà náà ní òfin tirẹ̀: lápapọ̀ kì í yí padà. Ọ̀nà tí ọkàn ì bá gbà ti ara dí nìyẹn láti inú ìṣirò, kì í ṣe láti inú ẹ̀sìn.

Ìpínrọ̀ 63 sí 77 ń sọ nípa ẹ̀dá alààyè: apá kékeré kọ̀ọ̀kan dà bí ọgbà tó kún fún igi àti adágún tó kún fún ẹja, ẹ̀ka igi náà sì tún jẹ́ ọgbà. Ẹ kà á kíá, ó dùn. Ìpínrọ̀ 84 sí 90, nípa ìlú Ọlọ́run, ẹ lè fi sílẹ̀ títí tí ẹ óò fi parí ohun tó ṣáájú.

Láti dán ara yín wò, ẹ mú ìdajì ojú ewé kan, kí ẹ dáhùn ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ láìlo "fèrèsé" tàbí "dígí" rárá. Bí ẹ bá rí i pé ẹ kọ nípa apá, nípa ìbátan tó ní òfin àti nípa ìwòye kéékèèké, ó ti wọlé. Bí ọ̀kan bá kù, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ gbé ìwé kejì tó kọ ní ọdún 1714 kan náà, lórí ẹ̀dá àti oore-ọ̀fẹ́: ìpínrọ̀ 18 ni, ó yá ju èyí lọ. Ẹ wá fi lẹ́tà òun àti Clarke tẹ̀ lé e, márùn-ún láti ọ̀dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, 1715 sí 1716, níbi tí ìlànà ìdí tó tó ti kojú ọmọlẹ́yìn Newton, onímọ̀ físíìkì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọlẹ́yìn tó mọ ohun tó ń sọ.